Peugeot 504 tó ti wà nílẹ̀ láti 2009: kí la ó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn?

Ọmọ Òmù-Àrán

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ dá mi lóhùn. Peugeot 504 GL bàbá wa wà nílé ní Òmù-Àrán, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n gbé e sí láti 2009. Oníkábúrétọ̀ ni, jíà mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó tú nǹkan kan lára rẹ̀ lọ, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà, àmọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jókòó sílẹ̀. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tó wò ó ní kí n ra bátìrì, ká bu epo sí i, ká tì í, pé 504 kì í kú. Ìkejì ní àfi ká sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ ká tú u pátápátá. Ẹ̀kẹta ní kí n tà á fún àwọn onírin. Ti ẹ̀kẹta yẹn, ẹ má wulẹ̀ dá sí i. Nínú àwọn méjì tó kù, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ṣé òótọ́ sì ni pé wọ́n máa ń da dísù sínú sílíńdà?

* * *

Bàbá Mẹkáníìkì (Gáà-Akanbí)

Àbúrò, má tẹ̀ lé ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ tì í lè ba ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe nǹkan kan jẹ́. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ tú u ń díye lé iṣẹ́ tí kò tíì yẹ̀ wò. Nínú mọ́tò tó ti pẹ́ nílẹ̀, irin kọ́ ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ohun olómi inú rẹ̀ ni: epo, ọ́ìlì, omi rédíétọ̀, ọ́ìlì bíréèkì, pẹ̀lú àwọn rọ́bà tí wọ́n ń gbà kọjá. Tèmi ni pé kí gbogbo olómi àtijọ́ jáde tán kí bátìrì tó wọlé.

Ojú ló máa ṣiṣẹ́ ṣáájú ọwọ́. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lẹ́, fi igi tọ́ inú rẹ̀ wò kó o tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Abẹ́ máńgòrò lo wí. Ejò àti agbọ́n ò ní fi irú ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Tú ilé fílítà afẹ́fẹ́, torí eku fẹ́ràn láti tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀. Fi wáyà gígùn wo inú sàlẹ́ńsà láti ẹ̀yìn. Wàá wá fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ. Tó bá dúdú, kò burú. Tó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì. Má yí i rárá títí wàá fi da ọ́ìlì yẹn nù tó o sì mọ ibi tí omi gbà wọlé. Tó bá ń rùn bí epo pẹtiróòlù, awọ inú pọ́ńbù epo ló ti ya, a ó dé ibẹ̀.

Ó wá kan plọ́ọ̀gì. Ti 504 wà nínú ihò jíjìn, ewé àti eruku ọyẹ́ á sì ti kún ibẹ̀. Fẹ́ atẹ́gùn sí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó o tó ki sípánà bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ fúkánáísà tó fún un. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìdọ̀tí yẹn á já lé písítìnì lórí, yóò sì máa ha sílíńdà nígbà tó bá ń yí.

Dísù: òótọ́ ni, wọ́n ń dà á, àmọ́ òun nìkan tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Po ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń lò fún jíà ọ̀tọmátíìkì mọ́ kẹrosíìnì tàbí dísù, ìdajì-ìdajì. Ṣíbí ìjẹun kan péré, nǹkan bíi mílílítà 15, ni kó o dà sí ihò kọ̀ọ̀kan. Fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà, fi sípánà sí nọ́ọ̀tì ńlá tó wà níwájú ẹ́ńjìnnì, yí i sí apá ọ̀tún bó o bá dojú kọ ọ́ láti ibi rédíétọ̀. Ìdámẹ́rin ìyípo tó. Tó bá dúró, dá a padà díẹ̀, tún un yí. Má fi páìpù gùn sípánà lọ́wọ́ láé. Agbára tó bá já rìǹgì písítìnì kúrò lára láìnà (irin róbótó tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀) náà lè ṣẹ́ ẹ.

Má sì dá plọ́ọ̀gì padà kí ẹ́ńjìnnì tó yí lófìfo, pẹ̀lú àkísà lórí ihò, kí omi inú rẹ̀ lè tú jáde. Omi kì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Tí ẹni kan bá da ìdajì ife sínú sílíńdà kan tó sì fi sítátà yí i, kọ́ńrọ́ọ̀dù, ọ̀pá irin tó ń ti písítìnì, ló máa tẹ̀.

* * *

Ọ̀gá Ìgbà Peugeot (Ọ̀ffà)

Mo fara mọ́ ọn. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún ẹni tó ní kẹ́ ẹ tú ẹ́ńjìnnì, torí àwọn ọmọ iṣẹ́ ìsinsìnyí kì í sábà mọ̀ ọ́n. Láìnà ẹ́ńjìnnì 504 kò dì mọ́ búlọ́ọ̀kù bíi ti mọ́tò Japan. Ó dá dúró láàárín omi, orí síìlì tín-ínrín ló jókòó lé nísàlẹ̀, tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnnì tó bo sílíńdà) ló sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣí tọ́ọ̀pù tí ẹnì kan wá yí ẹ́ńjìnnì láìfi irin de àwọn láìnà mọ́lẹ̀, písítìnì á fà wọ́n sókè, síìlì ìsàlẹ̀ á ṣípò, omi rédíétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì tó yè fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ igi ló máa kú sọ́wọ́ olùtúnṣe yẹn. Tẹ́ ẹ bá tilẹ̀ máa ṣí i, ẹ má fà á sókè tààrà. Ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì kó fi gásíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kó má baà gbé láìnà dání.

Nítorí náà, ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yí lọ́wọ́ kò ní ohun tó ń wá lábẹ́ tọ́ọ̀pù. Ìbòrí rọ́kà, ìyẹn ìbòrí òkè pátápátá tó bo àwọn apá tó ń tẹ fáàfù, nìkan ni kó ṣí. Bí olùrànlọ́wọ́ bá ti ń yí sípánà, kó máa wo fáàfù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ: gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wọlé kí wọ́n sì jáde. Èyí tó bá wọlé tí kò padà ti há sínú gáìdì rẹ̀. Ẹ fi kẹrosíìnì rẹ ẹ́ látòkè, ẹ fi igi kàn án díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ki sítátà bọ̀ ọ́ báyìí, ọ̀pá tó ń ti rọ́kà á wọ́.

* * *

Ọmọ Òmù-Àrán

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ó yí, fáàfù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pá ọ́ìlì dúdú, kò rùn. Ṣé kí n ra bátìrì báyìí?

* * *

Alfa Rìwáyà (Ojúde Ìlọrin)

Dúró ná. Eku ti jẹ nínú wáyà yẹn, bí kò bá jẹ èyí tó hàn, ó jẹ èyí tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Tọ wáyà láti orí bátìrì dé sítátà, láti àtànátọ̀ dé ilé fíúùsì. Ibi tí awọ rẹ̀ bá ti bó, gé e, lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní lẹ́ẹ̀dì, fi awọ bò ó. Má fi téèpù nìkan wé e, ooru ẹ́ńjìnnì á yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ìṣó tàbí bébà sìgá níbi fíúùsì, ẹ yọ ọ́ kíá. Àwọn onímọ́tò ìgbà yẹn fẹ́ràn rẹ̀.

Ọwọ́ òdì bátìrì ló mọ́ bọ́dì. Tú okùn tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì, fi ẹ́mẹ́rì fọ ojú ibẹ̀ kó dán, dè é padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní "sítátà ti kú" ni ìpata ojú okùn yìí.

Bátìrì fóòtì 12, ámpù 60 sí 75, tó fún un. Tó bá kún, mítà á kọ 12.6. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.4. Tó bá kọjá 15, ẹ pa á, rẹ́gúlétọ̀ ti bàjẹ́.

Kọ́ńtáàtì inú dísítíríbítọ̀ á ti dípẹtà débi tí iná ò ní kọjá. Fi ẹ́mẹ́rì kíkúnná pa á, fi bébà mímọ́ nù ún, ṣètò àlàfo rẹ̀ sí mílímítà 0.40. Kọ́ńdẹ́ńsà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Àlàfo plọ́ọ̀gì, mílímítà 0.6. Ìtò iná, ìyẹn bí plọ́ọ̀gì ṣe ń tanná tẹ̀ léra wọn, jẹ́ 1-3-4-2. Peugeot sì ń ka sílíńdà 1 láti apá flywheel (irin róbótó ńlá ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì), kì í ṣe láti ibi rédíétọ̀, ẹ ṣọ́ra.

* * *

Bàbá Mẹkáníìkì (Gáà-Akanbí)

Alfa, òótọ́ ni wọ́n ń kà á láti ẹ̀yìn, àmọ́ ẹ má fi ìyẹn dẹ́rù ba ọmọ náà. Tó bá kà á láti iwájú, 1-3-4-2 náà ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ yí i wò. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé písítìnì àkọ́kọ́ àti ìkẹrin jọ ń dé òkè. Ọ̀kan nínú wọn ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ìkejì ń tú èéfín dànù lọ́wọ́. Fi ìka dí ihò plọ́ọ̀gì: èyí tí afẹ́fẹ́ bá ti ìka rẹ dànù ni kí ojú rótọ̀ tó ń yí nínú dísítíríbítọ̀ dojú kọ wáyà rẹ̀.

* * *

Ìyá Onípátì (Òpópónà Táíwò)

Ẹ ti sọ̀rọ̀ iná tán, ẹ ò tíì mẹ́nu kan epo. Epo 2009 kì í ṣe epo mọ́, ó ti di gọ́ọ̀mù. Ẹ má bu tuntun lé e.

Ẹ jẹ́ kí tánkì wà bó ṣe wà ná. Ẹ tú hósì tó wọ pọ́ńbù epo, ẹ fi hósì tuntun so kéègì lítà 5 mọ́ ọn, kí fílítà kékeré wà láàárín, kí kéègì sì jìnnà sí sàlẹ́ńsà. Hósì epo ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó ní okùn nínú rọ́bà. Hósì funfun tí wọ́n fi ń fa omi á le gan, á sì la, epo á máa kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná.

Pọ́ńbù náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń tì í. Awọ inú rẹ̀ á ti gan. Tó bá ya, epo á máa sàn sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì á tẹ́ẹ́rẹ́, bẹ́áríǹgì á sì jẹ. Ẹni tó bá wá ra awọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, mo máa ń ní kó ra ti kábúrétọ̀ pọ̀ mọ́ ọn: gásíkẹ́ẹ̀tì, awọ pọ́ńbù kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ fúlóòtù. Ẹ gbọn fúlóòtù létí; tí epo bá ń dún nínú rẹ̀, ó ti jò, á rì, kábúrétọ̀ á máa kún àkúnya.

* * *

Ọ̀gá Ìgbà Peugeot (Ọ̀ffà)

Ìyá, ẹ kú òye. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n yéé fi wáyà gún jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀. Idẹ rírọ̀ ni jẹ́ẹ̀tì. Wáyà irin á fẹ ihò rẹ̀, ojú ò ní rí i, àmọ́ mọ́tò á máa mu epo, á máa tú èéfín dúdú, wọ́n á sì ní "504 ti máa ń mu epo." Ẹ rẹ ẹ́ sínú tínà mọ́jú, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Tó bá ṣì dí, ẹ fi irun búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo tọ́ ọ.

* * *

Oní-Beetle kan

Ẹ gbà mí láyè. Tèmi Volkswagen Beetle ni, òun náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

* * *

Bàbá Mẹkáníìkì (Gáà-Akanbí)

Ọ̀pọ̀ rẹ̀ bára mu, àmọ́ Beetle ò ní rédíétọ̀. Ìtẹ́ eku inú ìbòrí fáànù ni kó o wá, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Lítà 2.5 ni ọ́ìlì rẹ̀, asẹ́ irin ló ní dípò fílítà, tú u kó o fọ̀ ọ́. Ìtò iná rẹ̀ 1-4-3-2. Hósì epo rẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ pààrọ̀, gbogbo rẹ̀, torí tó bá jò, orí dísítíríbítọ̀ ló ń kán sí, iná ló sì máa ń parí rẹ̀. Padà sí 504.

* * *

Ọ̀gá Ìgbà Peugeot (Ọ̀ffà)

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ ká padà, torí gbogbo yín ń sáré lọ síbi ẹ́ńjìnnì. Bíréèkì dà? Mọ́tò tí kò ṣiṣẹ́ kò lè pa ẹnikẹ́ni. Èyí tó ṣiṣẹ́ tí kò lè dúró ni ẹ bẹ̀rù, Òmù-Àrán sì gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀ péré, omi yẹn ti dá ìpata sílẹ̀ nínú másítà sílíńdà àti lára písítìnì iwájú. Ẹ tú wọn. Èyí tí ìpata ti gbẹ́ ihò sí lára, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fi ẹ́mẹ́rì tàn án. Rọ́bà tuntun á tún jò níbẹ̀. Hósì rọ́bà bíréèkì tó dà bíi pé ó dáa lóde lè ti wú pa nínú: ẹ tẹ̀ ẹ́, ọ́ìlì á lọ, kò ní padà, bíréèkì á sì máa di táyà mú. Gbogbo wọn ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. DOT 3 tàbí DOT 4 ni kẹ́ ẹ dà sí i, inú agolo tí wọn ò tíì ṣí tẹ́lẹ̀. Taya tó jìnnà jù sí másítà sílíńdà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ jáde.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní omi ọṣẹ náà ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ títí tó fi gbóná. Tí omi bá hó nínú páìpù, ó di ooru, ẹsẹ̀ á sì tẹ pẹdá dé ilẹ̀ láìsí nǹkan tó mú un. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń wú gbogbo rọ́bà inú rẹ̀.

* * *

Alfa Rìwáyà (Ojúde Ìlọrin)

Ọ̀gá, àwọn èèyàn ti fi omi ọṣẹ dé Ìlọrin láti Àjàṣẹ́-Ìpó láìsí wàhálà o.

* * *

Ọ̀gá Ìgbà Peugeot (Ọ̀ffà)

Àwọn tó délé lẹ gbọ́ tiwọn.

* * *

Ọmọ Òmù-Àrán

Ẹ jọ̀ọ́, omi rédíétọ̀ ńkọ́? Mẹkáníìkì tó wà níbí ti yọ tẹ́mósítáàtì sọnù, ó ní ti òyìnbó tó ń gbé inú òtútù ni. Ó sì fẹ́ da jíà ọ́ìlì 90 sínú jíà.

* * *

Bàbá Mẹkáníìkì (Gáà-Akanbí)

Méjèèjì ni kò tọ̀nà. Tẹ́mósítáàtì kì í fa gbígbóná àfi tó bá há. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè gbóná dé nǹkan bí 80°C, kó tó jẹ́ kí omi lọ sí rédíétọ̀. Láìsí i, ní àárọ̀ ọyẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa rìn ní tútù, á máa mu epo, sílíńdà á sì máa jẹ. Rédíétọ̀ tó dí ló ń fa gbígbóná. Tú u sílẹ̀, dorí rẹ̀ kodò, fi hósì fọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ títí omi mímọ́ á fi máa jáde. Tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù náà, ẹrẹ̀ ìpata tó wà lẹ́sẹ̀ láìnà á jáde níbẹ̀. Gbogbo omi rẹ̀ kò tó lítà 8. Kúláǹtì ni kó o dà sí i, torí omi lásán ló ń jẹ láìnà àti tọ́ọ̀pù alumíníọ̀mù yẹn. Wo fáànù rẹ̀ náà: iná ló ń jẹ́ kó di púlì tí bẹ́líìtì ń yí mú, káábọ́nù kékeré kan ló sì ń gbé iná náà dé ibẹ̀. Tí káábọ́nù bá ti tán, fáànù ò ní yí, mọ́tò á hó nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ.

Jíà: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni jíà mẹ́rin 504 ń mu, 20W-40 tàbí 20W-50, lítà kan àti díẹ̀. Ọ́ìlì 90 nípọn jù fún un, jíà á máa le wọlé láàárọ̀. Dífírẹ́ńṣà ẹ̀yìn ni 90 wà fún. Bí ẹni tó ta á fún ọ bá jiyàn, jẹ́ kó jiyàn.

* * *

Ìyá Onípátì (Òpópónà Táíwò)

Táyà: ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú kóòdù DOT tó wà lára rẹ̀. 2309 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2009. Kódà kí ìlà ojú rẹ̀ ṣì jinlẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù. 175 R14 ni ti GL. Tòkunbọ̀ náà ní nọ́ńbà yẹn lára, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó.

Láti 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, nítorí náà pátì 504 kò wọ́n láti rí bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ìyàtọ̀ àyédèrú àti ojúlówó ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́, pàápàá rọ́bà bíréèkì.

* * *

Ọmọ Òmù-Àrán

Bíréèkì ti parí, táyà ti wọlé, omi ti wọlé, bátìrì ti dé. Báwo la ṣe máa tan án? Ṣé ọjọ́ yẹn náà ni mo lè wà á wá sí Ìlọrin?

* * *

Bàbá Mẹkáníìkì (Gáà-Akanbí)

Rárá o, má wà á wá lọ́jọ́ yẹn.

Da ọ́ìlì àtijọ́ nù, pààrọ̀ fílítà, da lítà 4 20W-50 sí i. Yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yọ wáyà àárín kọ́ìlì kó má tanná, kó o wá fi sítátà yí i: ìṣẹ́jú-àáyá 10, sinmi ìṣẹ́jú kan, tún un ṣe. Máa bá a lọ títí iná ọ́ìlì fi kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí ọ́ìlì sì fi dé orí rọ́kà. Ohun tí títì kì í fún ọ nìyí: ẹni tó bá tì í ń jẹ́ kó gbaná kí ọ́ìlì tó dé ibikíbi.

Ìta gbangba ni kó o ti tan án, má ṣe é nínú gáráàjì, torí èéfín rẹ̀ ń pani láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀. Gbé ẹ̀rọ panápaná tàbí garawa iyanrìn sítòsí. Dá plọ́ọ̀gì padà, bu epo díẹ̀ sínú ilé fúlóòtù, fa ṣọ́ọ̀kì, tan án. Èéfín búlúù á pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ́ìlì tó o dà sí sílíńdà ló ń jó. Tí kò bá dín kù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 sí 15, rìǹgì lẹ̀ mọ́ písítìnì. Èéfín funfun tí kò tán bí ó ti gbóná tó, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín, gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù ni. Dúdú, kábúrétọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí jíà kọ̀ láti wọlé, kó máa ké. Kilọ́ọ̀ṣì ló lẹ̀ mọ́ flywheel. Gbé ẹ̀yìn mọ́tò sókè lórí ìdúró irin tó lágbára, má fi jáàkì nìkan gbé e. Fi jíà kẹta sí i kó o tó tan án, tẹ kilọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, kó o wá máa tẹ bíréèkì lójijì. Yóò já.

* * *

Ọ̀gá Ìgbà Peugeot (Ọ̀ffà)

Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó o da ọ́ìlì tuntun yẹn náà nù bó ti gbóná. Ó ti fọ gbogbo ẹrẹ̀ inú, kò yẹ kó pẹ́ níbẹ̀. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù mọ́jú, kó o wá ṣètò fáàfù: ti afẹ́fẹ́ mílímítà 0.10, ti èéfín 0.25. Tánkì náà gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀ báyìí. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ọṣẹ sínú rẹ̀, ẹ mì í, ẹ ṣàn án, ẹ sá a gbẹ. Tó bá ní ihò, ẹ má gbé e lọ fún wẹ́dà láìfọ̀ ọ́ tán kí omi sì kún un títí dé ìsàlẹ̀ ojú ibi tó máa jó. Ooru epo tó kù sínú tánkì tó jọ pé ó ṣófo ni bọ́ǹbù.

Fún ìrìn àkọ́kọ́, wà á yí ká inú ọgbà, lẹ́yìn náà kó o wà á dé ojú títì kó o sì padà. Lẹ́yìn kìlómítà bíi mélòó kan, sọ̀ kalẹ̀, gbé ọwọ́ sún mọ́ ríìmù kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju ìkejì rẹ̀ ní òdìkejì lọ, bíréèkì ibẹ̀ ṣì ń di táyà mú. Tú u kó o tó gba ọ̀nà Àjàṣẹ́.